Òkúta Yangí Tí Mo Gbé Sí Igun Ilé Wa

Ẹ gbé àga yẹn súnmọ́ mi, kí ariwo ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì yẹn má baà bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ọmọ tèmi àti ọmọ Múfú àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí yín. Láàárọ̀ òní ni ọkọ̀ já búlọ́ọ̀kù síwájú ilé, nígbà tí mo sì fi kírun Àsárì tán, ìpìlẹ̀ yàrá tuntun ti yọ lórí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo gbà tàbí mi ò gbà. Ẹ pe bíríkìlà, bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, tó bá parí, á fọ ọwọ́, á lọ. Mo jókòó síbí, mò ń wò yín, mo sì ń jowú yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà náà máa ń jowú. Mo ti jowú débi pé mo mọ ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ara. Abẹ́ àyà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ebi ọ̀sán nínú oṣù ààwẹ̀, tí èèyàn á sì máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ilé tí ẹ ń fi yàrá kún yìí, ilé yangí ni. Ẹ ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ẹ ti kùn ún lọ́dà, ẹ ò rí òkúta ẹ̀ mọ́. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, nígbà tí gbogbo ibí yìí ṣì jẹ́ oko obì láti ẹ̀yìn ọ̀nà réluwéè lọ títí dé Ifákò. Abúlé ni wá nígbà yẹn. Ilé mẹ́sàn-án péré ni, gbogbo ẹ̀ pátá ló jẹ́ yangí, wọ́n pupa bí ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò òjò, ẹ̀ẹ̀rùn á wá sọ wọ́n di aláwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, àwọn ilé-iṣẹ́ ti yí wa ká. Fèrè wọn la fi ń mọ aago. Tí ti àárọ̀ bá dún, ìyá mi á gbé omi kaná. Tí ti ọ̀sán bá dún, adìyẹ pàápàá á sá bọ̀ nílé, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ máa gba àárín agbo ilé wa kọjá, wọ́n á sì máa já búrẹ́dì sílẹ̀. Lónìí, fèrè kankan ò dún mọ́. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Orégùn ti di ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí, jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ̀ ń gbọ́.

Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wa yangí. Ilẹ̀ la ti ń gbẹ́ ẹ, ní kòtò ńlá kan tó wà níbi tí ilé epo wà báyìí. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó rọ̀. Àdá lásán á gé e bí ẹni gé iṣu sísè. Ṣùgbọ́n tí a bá tò ó síta, tí oòrùn pa á, tí òjò pa á, tí oòrùn tún padà pa á, á máa le. Odidi ọdún kan la fi ń dúró dè é. Àwọn àgbà á máa fi ẹ̀yìn àdá kàn án wò. Èyí tó ti gbó á dún kinkin bí irin. Èyí tí kò tíì gbó á dún pù, bí ìgbà tí èèyàn bá na ìrọ̀rí. Irú èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi kọ́lé, nítorí tí omi bá fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri, ẹrẹ̀ ló máa dà.

Nínú kòtò yẹn náà ni àgbò Iléyá Bàbá Káríìmù já sí lọ́dún kan. Bàbá Káríìmù ni olórí ẹbí wa nígbà yẹn, àbúrò bàbá mi ni, ọkùnrin gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́rin la kó sínú kòtò láti gbé àgbò yẹn jáde. Bí mo ṣe tẹ̀ ba, àgbò gun ẹ̀yìn mi, ó fò jáde, ó kọrí sọ́nà ọjà Agége. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá kù sínú kòtò. Múfú ló lọ mú àkàbà wá. Gbogbo abúlé ló kí i lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ọmọ tó lọ́gbọ́n lórí. Ta ló kí èmi tí àgbò fi pátákò tẹ̀ lẹ́yìn? Kékeré la ṣì wà o, àmọ́ mi ò gbàgbé ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ọmọ ìyá kan náà lèmi àti Múfú. Èmi ni àkọ́bí, òun ló tẹ̀ lé mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an rèé. Láyé ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi yàrá kún ilé yangí, kì í ṣe òun nìkan ló ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, gbogbo àgbà inú ẹbí, ọkùnrin àti obìnrin, á gbé òkúta kọ̀ọ̀kan wá. Olúkúlùkù á fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sínú ìpìlẹ̀, á sì sọ ọ́ síta pé, "Mo fọwọ́ sí i." Tí ẹnì kan bá ní ohun kan nínú sí ẹni tó ń kọ́lé, kó sọ ọ́ kó tó gbé òkúta ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá sì kọ̀ tí kò gbé òkúta wá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwọn obìnrin á bọ́ sínú amọ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa kọrin bú ara wọn, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ibi igun ilé, tó ń gbé gbogbo ògiri ró, àkọ́bí ló ni ín.

Àyè kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ilé tí èèyàn lè kọ́ nǹkan sí, nítorí ògiri ilé-iṣẹ́ kan ti wá gún wa lẹ́yìn. Yàrá méjì ló lè gbà. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Sìdíkátù, ìyá Ràṣídì, ni mo ti ń wo àyè yẹn. Mo ti mọ ibi tí fèrèsé máa kọjú sí. Mo ti wa yangí tèmi, mo ti tò ó. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá lọ dúró síbẹ̀, màá kó ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé tèmi ni.

Sáàpù wá dé, ètò ìjọba tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ. Ẹ̀yin ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni, àwa la jẹ ẹ́. Ìjọba ológun ní ká fún ìgbànú mọ́ra, ẹni tí kò ní ìgbànú ńkọ́? Owú tí a fi ń hun aṣọ ò wọlé mọ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà tèmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ pa. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró ní ọjọ́ kan náà. Ilé ẹbí ti kún, nítorí náà yàrá kan ni èmi àti Sìdíkátù pẹ̀lú àwọn ọmọ há sí ní Ifákò, tí onílé sì ń fi owó kún owó.

Sáàpù yẹn náà ló gbé Múfú sókè. Kò sẹ́ni tó lè ra fíríìjì tuntun mọ́, gbogbo ayé wá ń wá tòkunbọ̀. Múfú mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Agége, kò pẹ́ ó gba èkejì. Ó ra ọkọ̀. Ikùn ẹ̀ yọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yẹn gbé wa lọ kí Bàbá Káríìmù, mo yí ojú sí ìta títí a fi dé. Sìdíkátù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Bàbá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀ ni yín báyìí. Ẹ ò lè rẹ́rìn-ín díẹ̀?" Mo ní oòrùn ló ń wọ̀ mí lójú.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀gbẹ́ni kan wá láti ọ̀fíìsì ìjọba ní Aláúsá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àyà wa já, nítorí ohun tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará ọ̀fíìsì ni kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé, kí katapílà sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ń fọwọ́ pa ògiri wa ni. Ó ní ilé àtijọ́ ni, irú ẹ̀ ò pọ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má wó o. Ó ní tí a bá máa fi nǹkan kún un, yangí ni kó jẹ́, kó má sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú Bàbá Káríìmù dùn, ó pa adìyẹ fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Múfú lọ tọrọ àyè ẹ̀yìn ilé. Bàbá Káríìmù ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. Ojú ẹ la ń wò lórí àyè yẹn. Ṣé wàá kọ́ ọ?"

Mo ní, "Kí ni kí n fi kọ́ ọ, Bàbá?"

"Ṣé kí àbúrò ẹ máa kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo ní kó máa kọ́ ọ. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Gbogbo ará ilé ló ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyàwó kejì ni Múfú fẹ́ gbé síbẹ̀, ọmọge kan báyìí láti Ìjẹ̀bú tó ń tajà nítòsí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo wá ń rò ó pé fèrèsé tí mo ti fi ọkàn yà, ìyàwó kejì àbúrò mi ló máa máa yọjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ.

Ọjọ́ Sátidé tí à ń ṣe sánítéṣàn ni wọ́n dá fún ìpìlẹ̀, nítorí sójà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde títí di aago mẹ́wàá, gbogbo ẹbí á sì wà nílé. Mo ti kọ́kọ́ pinnu pé mi ò ní lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé tí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mò ń jowú. Mo ń jowú lóòótọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mo lọ lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹ̀yìn ilé, mo gba ọ̀dọ̀ kòtò kọjá. Mo fi èyí tó gbó sílẹ̀, mo gbé yangí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ṣì tutù lọ́wọ́. Mo fi eruku gbígbẹ pa á lára kó lè jọ ti àtijọ́.

Èmi yìí náà ni o, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀.

Mo gbé e sí igun. Mo ní, "Mo fọwọ́ sí i." Gbogbo ènìyàn dáhùn pé àmín. Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú amọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé o." Mi ò wo ojú ẹ̀. Mo ń rò ó pé, lọ́jọ́ kan, igun ilé yìí á rì, ìyàwó tuntun á sì kó ẹrù ẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú.

Ògiri ga. Káfíńtà dé, wọ́n kan páànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀, Múfú pe gbogbo wa, ó mú ìyá wa lọ́wọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni Ìyá ń sùn láti ọdún pípẹ́, nítorí èrò ti pọ̀ jù nínú yàrá, eruku ọ̀nà sì ń dà sí i lára pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Múfú ní, "Ìyá mi, yàrá igun tó ní fèrèsé méjì, tiyín ni. Èkejì, ti Ẹ̀gbọ́n mi ni, kí wọ́n kó kúrò ní Ifákò kí wọ́n lè máa wò yín." Kò sí ìyàwó kejì níbì kankan.

Àwọn obìnrin ń pariwo ayọ̀. Ìyá ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, wọ́n sì rò pé ayọ̀ ni.

Mo wá ọ̀nà láti gbé Ìyá kúrò lórí igun yẹn. Mo sọ fún Ìyá pé kó jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, kí òun gba yàrá inú, kí èmi gba ti igun. Mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún orúnkún ẹ̀.

Ó ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá onífèrèsé méjì ló wù ẹ́. Ohun tí àbúrò ẹ fún mi, o tún fẹ́ gbà á?"

Kí n sọ pé mo ti gbé ẹrẹ̀ sí abẹ́ ibi tó ń fi orí lé? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ṣe rere nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìlara ni wọ́n pè é. Múfú gbọ́, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ìyá ló ń pinnu. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú.

Mo kó wọlé, mo wá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Òjò ọdún mẹ́ta ló rọ̀ lójú mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ojú ọ̀run bá ṣú, aṣọ tẹ́ ẹ sá ni ẹ̀ ń sáré ká. Èmi, igun ilé ni mo máa ń sáré lọ wò. Mo fi yẹ̀pẹ̀ kún ibẹ̀, mo gbẹ́ ojú omi, mo gbin koríko. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé mo fẹ́ràn ìyá mi. Mo tún jowú Múfú nítorí pé ó ń sùn fọnfọn nílé tiẹ̀.

Mo ti ríṣẹ́ sí Orégùn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà yẹn, mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan. Epo ti wọ́n, ọkọ̀ ti di góòlù, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ rìn bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò kan bẹ̀rẹ̀ tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀nà di odò lójú mi. Mo rí ògiri ilé kan lódìkejì tó là, tó sì dojú délẹ̀ wẹ́rẹ́. Mi ò dágbére fún ọ̀gá. Mo fi gétì sílẹ̀ gbayawu, mo sáré. Mo sáré, mo rìn, mo ṣubú, mo dìde, láti Orégùn dé ibí yìí. Gbogbo ohun tí mò ń wí kò ju "Ìyá mi o, Ìyá mi o" lọ.

Nígbà tí mo dé, omi ti gun ara igun ilé dé orúnkún mi. Mo kígbe pé kí Ìyá jáde. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Nínú òjò yìí? Ṣé orí ẹ pé?" Orúnkún ẹ̀ ò ní jẹ́ kó tètè jáde, mi ò sì lè dá a gbé. Mo mú ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Mo fẹ́ yọ ẹrẹ̀ yẹn, kí n fi òkúta míì há a kó tó rì. Mo gbẹ́, mo gbẹ́, omi ń bò ó. Ọkọ́ wá kan nǹkan. Ó dún kinkin.

Mo tún kàn án. Kinkin.

Ẹnì kan dì mí lápá mú lẹ́yìn. Múfú ni, aṣọ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ikùn ẹ̀, òun náà ti ṣọ́ọ̀bù sáré wá wo Ìyá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé wá. Mo gbọ́ bó ṣe dún nígbà tẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Bí gbogbo yín ṣe lọ jẹun, mo yọ ọ́."

"Kí lo wá fi síbẹ̀?"

"Ọ̀kan nínú èyí tẹ́ ẹ ti wà sílẹ̀ látijọ́, èyí tẹ́ ẹ tò nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ tiyín. Mo fi ọwọ́ mi gbé e sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ lórúkọ yín pé ẹ fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ọdún mẹ́ta, Múfú. O jẹ́ kí n máa pààrà ibí fún ọdún mẹ́ta?"

Ó nu omi lójú. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ìyẹn lẹ̀ ń ṣọ́. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé. Tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú á tì yín, ẹ ò ní kó wọlé. Ìyá sì ti sọ fún mi pé òun ò ní sùn níbẹ̀ tí ẹ̀yin ò bá sí nítòsí."

Ẹ rò pé inú mi dùn? Inú bí mi! Ó lówó jù mí, ó lọ́kọ̀, wọ́n ń kí i, ó wá tún mọ ibi tí mo bàjẹ́ sí, ó sì bò mí láṣìírí bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Kí ló kù fún mi tí mo lè fi ju ọmọ yìí lọ? Mo jowú ẹ̀ nínú òjò yẹn ju bí mo ṣe jowú ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi lọ. Mo sì dì mọ́ ọn, mo ń sunkún, ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá pariwo láti inú ilé. "Ẹ̀yin wèrè méjì yìí, ẹ wọlé kí òtútù tó pa yín!"

A wọlé. Yàrá gbẹ, ó móoru, fèrèsé méjèèjì wà ní títì. Ìyá ní ká jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun pẹ̀lú bí a ṣe tutù, ó tú gèlè orí ẹ̀, ó fi nu orí wa. Èmi ló kọ́kọ́ nù. Nígbà tó wá kan Múfú, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bóyá ó pẹ́ lórí tiẹ̀ ju tèmi lọ.